Ọjọ́ Tí Mo Díye Lé Jíìpù fún Bàbá Bọ́sẹ̀dé

Ọjọ́ kan wà láyé mi tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Ọdún ti gorí ọdún, irun orí mi ti funfun báláú, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ojú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lọ́tun.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú òmìnira ni. Iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó ni mò ń ṣe. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, mo sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí ká Ìsẹ̀ àti Emùré. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, màá ki irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ àpò, màá fa hóró díẹ̀ yọ, màá fi ọ̀bẹ là á sí méjì, màá wo inú rẹ̀, màá gbé e símú. Bí mo bá ní ó dáa, ẹ̀rín dé. Bí mo bá ní ó ti bu, olóko á gbé e padà lọ sílé, á lọ tún un sá. Àwọn àgbà tó lè bí mi lọ́mọ á ṣí fìlà fún mi, wọn á máa pè mí ní “Sípẹ́tọ̀, Sípẹ́tọ̀.” Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ipò náà gùn mí. Ó gùn mí débi pé mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun kan lábẹ́ ọ̀run tí mo lè gbé símú tí n kò ní mọ iye tó tó.

Emùré ni mo ti rí Bọ́sẹ̀dé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ọmọbìnrin náà rẹwà, ó sì lẹ́nu. Àwa méjèèjì ti gbà fún ara wa, bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Bọ́sẹ̀dé, oko rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún, ní ìkọjá odò Ògbẹ̀sẹ̀, níbi tí lọ́rì kan ò lè dé lójò. Orí ni wọ́n fi ń ru kòkó jáde títí dé ojú títì. Kì í ṣe pé bàbá náà kórìíra mi. Ó kàn ń sọ pé òun ò tíì rí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju pé kí n máa gún àpò olóko kiri.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò ọyẹ́, ó pè mí jókòó.

“Sípẹ́tọ̀, mo ti kó owó kòkó ọdún méjì jọ. Wọ́n ní jíìpù kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fà, pé kò sí ẹrẹ̀ tó lè mú un. Èmi ò mọ mọ́tò. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí ó ti yẹ kí n sọ pé “Rárá, Bàbá” nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ohun tí mo sọ ni pé, “Bàbá, kí ni wọ́n ń pè ní mọ́tò? Irin àti rọ́bà náà ni.”

Ó ní, “Ó dáa. Bí o bá bá mi rà á ní iye tó tọ́, tó sì gbé kòkó mi la odò kọjá, kí àwọn èèyàn rẹ wá ṣe ìdána lẹ́yìn Àjíǹde. Àmọ́ bí o bá jẹ́ kí owó mi ṣòfò, má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ ní ulé mi mọ́.” Ẹnu Emùré ló fi sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí iṣu jẹ́.

Bọ́sẹ̀dé sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. “Ṣé lóòótọ́ lẹ mọ mọ́tò?”

“Mo ti wọ lọ́rì ju ìgbà ogún lọ.”

“Èmi náà ti wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Dáúdù fítà dání.”

Dáúdù ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Mo lọ bá a lóòótọ́, nítorí Bọ́sẹ̀dé. Ó ní òun ó gba ṣílè márùn-ún láti bá wa wò ó. Ṣílè márùn-ún! Mo ní kí ó máa ṣe eré rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ń yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò kòkó wò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì ló fẹ́ wá kọ́ mi ní àyẹ̀wò.

Ọjọ́ pé, Bàbá Bọ́sẹ̀dé wọ lọ́rì wá sí Ìkẹ́rẹ́, owó wà nínú àpò aṣọ tí ó so mọ́ abẹ́ agbádá. Bí a ṣe ń rìn lọ, mo kọ́ ọ ní ọgbọ́n ọjà. Mo ní òun ni kí ó máa ná ọjà, èmi á dúró lẹ́bàá mọ́tò, nítorí ẹni tó ń tajà kò gbọdọ̀ rí i lójú mi pé ó wù wá. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi pọ́ùn márùn-ún lé iye tí ó pè. Bí mo bá fọwọ́ ra àgbọ̀n mi, kí ó dúró níbẹ̀, ó ti tó. Bàbá ní ọgbọ́n ńlá ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ni jíìpù náà ni Bàbá Ìsíkíẹ́lì, dírẹ́bà àgbà tó ti wa ọkọ̀ fún àwọn agégẹdú kó tó fẹ̀yìntì. Ìjọ kan náà ni a ń lọ ní Ìkẹ́rẹ́. Jẹ́jẹ́ ni bàbá náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe jíìpù náà ní àádọ́rùn-ún pọ́ùn, ó sì ní kí a kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe yẹ. Mo yọ irin ṣóńṣó mi, mo gún àga iwájú. Fùlùfúlù tú jáde. Mo gbé e símú, mo ní, “Ó gbẹ.” Mo fi ọ̀bẹ kòkó mi la etí táyà díẹ̀, mo yọjú wò ó. Mo ní, “Kò bu.” Bàbá Ìsíkíẹ́lì la ẹnu sílẹ̀.

“Sípẹ́tọ̀, a kì í la táyà o.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá. Mo mọ iṣẹ́ mi.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí ọ̀pá irin kan tó ti àárín lọ sí táyà ẹ̀yìn. Mi ò rí èyí tó lọ sí iwájú. Ẹni tó bá ní làákàyè díẹ̀ ì bá béèrè. Èmi dìde, mo gbọn eruku nù, mo ní, “Abẹ́ iwájú rẹ̀ láyè dáadáa. Kùkùté kankan ò ní kọ́ ọ.” Bàbá Bọ́sẹ̀dé mi orí, inú rẹ̀ dùn sí mi.

“Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn,” ni Bàbá Ìsíkíẹ́lì wí. “Èyí tó yẹ kó wà níwájú yẹn, èmi ni mo tú u nígbà tí mo ń—”

Mo nawọ́ sí i. “Bàbá, bí mo bá parí àyẹ̀wò, màá bi yín.” Bí mo ṣe máa ń dá àwọn ọlọ́jà kòkó lóhùn nìyẹn. Mi ò sì rántí bi í mọ́.

Ó ta ẹ́ńjìnnì kí a lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ síbi ihò èéfín láti gbọ́ òórùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi ti kọ́ mi. Jíìpù náà ti tó oṣù méjì lórí ìdúró. Èéfín dúdú kan tú yọ, ó gbá mi lójú, nímú, lẹ́nu. Àkókò yẹn gan-an ni Bàbá Bọ́sẹ̀dé la ẹnu ní iwájú, tí ó pe ogójì pọ́ùn.

Mo wúkọ́.

“Márùndínláàádọ́ta!”

Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ pariwo pé rárá, ikọ́ mìíràn ló jáde. “Àádọ́ta!” Mo fẹ́ fọwọ́ ra àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi di imú. “Márùndínlọ́gọ́ta! Ọgọ́ta!” Omi ń dà lójú mi, mo ń fò sókè sódò lẹ́yìn jíìpù bí ẹni tí ìjàlọ bọ́ sí lára. Bí mo ṣe ń wúkọ́ ni Bàbá ń gbé owó sókè, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i. Ó rò pé mo ti rí ohun ìyanu lábẹ́ mọ́tò náà tí mi ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ní mo wúkọ́. Nígbà tí ojú mi là, tí mo rántí àgbọ̀n mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rà á kíkan, Bàbá ti dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

Bàbá Ìsíkíẹ́lì pa ẹ́ńjìnnì. “Bàbá Emùré, àádọ́rùn-ún ni mo pè é. Ṣé ẹ fẹ́ ta mí lọ́rẹ ni?”

Bàbá Bọ́sẹ̀dé yíjú sí mi. “Sípẹ́tọ̀. Ukọ́ wo nìyẹn?”

Ọpẹ́lọpẹ́ pé olóòótọ́ ni ẹni tó ń tajà. Ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ kan lé iye tí òun pè. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú àna mi pé ojú tó fi ń wò mí ti yí padà, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá já owó díẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, ìdána mi ti wọ odò. Mo bá ń wá ohun tí mo lè fi bu owó náà kù. Mo ṣí àpò kan tó wà lẹ́yìn jíìpù, mo rí ọ̀pá irin kan tí gíríìsì bò, tó gùn tó ẹsẹ̀ àgbàlagbà, tó ní oríkèé lẹ́nu méjèèjì.

“Kí ni pàǹtí yìí?”

“Kì í ṣe pàǹtí, Sípẹ́tọ̀. Irin yẹn ló ń—”

“Jíìpù la wá rà, a ò ra irin àlòkù. Ẹ gbé e kúrò, kó má baà máa wúwo lásán. Ẹ sì yọ pọ́ùn mẹ́ta nínú owó yín.”

Bàbá Ìsíkíẹ́lì wo irin náà, ó wò mí. “Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú gbangba.”

Ó yíjú sí Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ó ní ṣé ó gbọ́. Bàbá ní ohun tí Sípẹ́tọ̀ bá ti wí náà ni. Bàbá Ìsíkíẹ́lì mí kanlẹ̀, ó gbé irin rẹ̀ wọlé, ó sì gba mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún pọ́ùn. Èmi gbé àyà síwájú. Mo ti bá àna mi jèrè pọ́ùn mẹ́ta!

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìyẹn, kátíkíìsì wa kéde pé Bàbá Ìsíkíẹ́lì ti fi agogo ta Ọlọ́run lọ́rẹ, nítorí pé agogo àtijọ́ ti sán. Wọ́n so irin kan rọ̀ sára igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn, wọ́n ti fi ẹfun kùn ún. Nígbà tí wọ́n fi òòlù lù ú, ó dún gooro. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ kan ẹni tó jókòó tì mí, mo ní, “Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ojúlówó irin nìyẹn. Etí mi ò lè ṣì í gbọ́.”

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, ọjọ́ àtilọ kó kòkó tó kù lóko pé. Bàbá Bọ́sẹ̀dé pe àwọn àbúrò rẹ̀ kí wọ́n wá wo ìyanu. Bọ́sẹ̀dé gbé oúnjẹ dání. Níwọ̀n bí kò ti sí nínú wa ẹni tó mọ mọ́tò wà, Dáúdù fítà ni Bàbá háyà. Ó kí mi, “Sípẹ́tọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi wọ sòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ mi gùn dé orúnkún, mo jókòó síwájú.

A dé oko láyọ̀, nítorí jíìpù ò tíì ru ẹrù. A di àpò kòkó mẹ́fà sẹ́yìn. Ibi gẹ̀rẹ̀ tí a fẹ́ gbà gun òkè jáde nínú Ògbẹ̀sẹ̀ la ti rì. Táyà ẹ̀yìn ń yí lórí asán, ó ń gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wo àwọn àbúrò Bàbá. “Ẹ má mikàn. Dáúdù, fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà á!” Dáúdù fa irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ iná. Táyà iwájú dúró jẹ́ẹ́, kò ṣe bí ẹni gbọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ láti lọ tì í lẹ́yìn, kí n fi bí ọkùnrin ṣe ń ṣe hàn wọ́n. Mo kígbe pé, “Tún tẹ̀ ẹ́!” Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹrẹ̀ Ògbẹ̀sẹ̀ bò mí láti orí dé ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo nu ojú, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni Bọ́sẹ̀dé tó fi gèlè di ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Dáúdù wọ abẹ́ jíìpù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó ní, “Sípẹ́tọ̀, ta ló yọ irin iwájú?”

“Irin wo?”

“Irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú. Ọ̀pá gígùn kan ni, oríkèé máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì. Láìsí i, ẹsẹ̀ méjì nìkan ni jíìpù yìí ní.”

Mo gbàdúrà kí Bàbá má rántí. Bàbá rántí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó nu iwájú orí, ó ní, “Ṣé kì í ṣe èyí tí o ní kó gbé kúrò, kó má baà máa wúwo lásán?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn àpò kòkó.

Wọ́n tú kòkó sínú apẹ̀rẹ̀, oníkálùkù gbé tirẹ̀ rù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀kan ka orí mi. Bí mo ṣe dé ojú títì, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ sí mi lára, bàbá àgbà kan tí mo dá kòkó rẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pàdé mi. Ó ṣí fìlà fún mi bí ìṣe rẹ̀. “Sípẹ́tọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti là á wò? Ṣé kò bu?”

Ní Emùré, Bàbá Bọ́sẹ̀dé ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, “Lọ gbé irin yẹn wá. Títí táyà iwájú yóò fi yí, èmi ò mọ̀ ọ́ rí, Bọ́sẹ̀dé náà ò mọ̀ ọ́.” Mo wo Bọ́sẹ̀dé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, omi ló wà lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé eré ti tán.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìsíkíẹ́lì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó gbé mi dìde, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọmọ mi. Irin náà ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ìwọ náà máa ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.”

Àfi gìrì! Ojúlówó irin tí etí mi ò lè ṣì gbọ́.

Kátíkíìsì ní ohun tí ìjọ ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó fi tọrẹ, òun nìkan kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ dúró níwájú ìjọ, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi agogo Ọlọ́run ṣe. Mo dúró. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: àga tí mo gún, táyà tí mo là, ikọ́ mọ́kànlá, pọ́ùn mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bẹ́. Àwọn akọrin gbà á. Kátíkíìsì fi ìwé orin bo ojú, mo rò pé ó ń gbàdúrà fún mi, àfi bí mo ṣe rí i pé ìwé náà ń mì. Wọ́n yọ̀ǹda irin náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ ra agogo gidi dípò rẹ̀ láti Àkúrẹ́. Owó oṣù méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. Dáúdù gba ṣílè mẹ́wàá láti de irin náà padà: márùn-ún fún iṣẹ́, márùn-ún fún èyí tí mi ò fún un níjọ́sí. Mo san án láì janpata.

Lẹ́yìn tí wọ́n fa jíìpù jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n de irin náà pẹ̀lú ẹfun lára rẹ̀. Jíìpù wọ Ògbẹ̀sẹ̀ pẹ̀lú àpò mẹ́fà mìíràn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ilẹ̀, ó gun òkè náà láì yẹsẹ̀. Bàbá Bọ́sẹ̀dé wo táyà iwájú bó ṣe ń yí, ó wò mí, ó ní, “Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀.”

Ọjọ́ ìdána, ilé kún. Ìyàrá ìdáná wà nítòsí ibi tí a jókòó, wọ́n sì ń fi igi tútù dáná. Àwọn àgbà ti wà lórí ọ̀rọ̀ owó orí, àwọn èèyàn mi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù, nígbà tí èéfín yà wọlé bá wa. Mo pa ẹnu mọ́. Mo di imú. Ojú mi pọ́n. Mo wúkọ́.

Bàbá Bọ́sẹ̀dé na ọwọ́ sókè, gbogbo ilé dákẹ́. Ó wo àwọn èèyàn mi, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ gbọ́ ọmọ yín. Ó ti fi pọ́ùn márùn-ún kún un.”

Wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ wa, mo fi Ọlọ́run búra! Kó tó di àṣálẹ́ ni Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé, ó da márùn-ún náà padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní, “Fi sanwó fítà nígbà mìíràn.”

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mi ò bá mọ̀, màá ní mi ò mọ̀ ọ́n, màá sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, iye yòówù kó gbà. Mo tún kọ́ láti jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà ń fi ara mi rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí bí mi ò bá rín in, wọn á bá mi rín in. Bọ́sẹ̀dé ti di ìyá àgbà. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé, tí ikọ́ bá gbé mi nínú ilé ìjọsìn, mo máa ń rí i tó ń ka ìka rẹ̀ lábẹ́ ìborùn, á wá rọra sọ sí mi létí pé, “Bàbá, ẹ fọwọ́ ra àgbọ̀n. A ti dé àádọ́rùn-ún.”